Tòmátì Aláwọ̀ Dúdú Nínú Ọgbà Ilé: Yíyàn, Gbígbìn àti Ìtọ́jú Irúgbìn Àjogúnbá

Kò sí ilé ìdáná Yorùbá tí a kò ti mọ tòmátì. Òun ni a ń lọ̀ mọ́ ata àti àlùbọ́sà fún ọbẹ̀. Òun náà sì ni owó rẹ̀ máa ń gun òkè lójijì láàrin ọdún, tí ìyá ilé yóò fi máa ka ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ẹyin. Nítorí ìdí èyí ni ọ̀pọ̀ ará ìlú fi ń fẹ́ mọ irú tòmátì tí ènìyàn lè gbìn sí ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀. Àwọn kan sì ti ń béèrè nípa oríṣi kan tí wọ́n rí àwòrán rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí tí ọmọ wọn tó wà lókè òkun sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wọn: tòmátì tí kò pupa, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti wáìnì tàbí ti ṣokoléètì.

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ohun tí tòmátì náà jẹ́, èyí tó yẹ kí a yàn, bí a ṣe lè gbìn ín nínú ojú ọjọ́ tiwa, àti ìdí tí kóró inú rẹ̀ fi níye lórí ju èso rẹ̀ lọ.

Kí ni à ń pè ní irúgbìn àjogúnbá?

Irúgbìn tòmátì tí à ń rà pín sí ọ̀nà méjì pàtàkì. Èkíní ni onídàpọ̀, tí àwọn oníṣòwò irúgbìn ń pè ní háíbíríìdì, tí wọ́n sì máa ń kọ F1 sí ara páálí rẹ̀. Òbí méjì tó yàtọ̀ síra ni wọ́n mú pọ̀ láti bí i. Ó máa ń so púpọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í tètè kó àwọn àrùn kan. Ṣùgbọ́n bí a bá gbin kóró inú èso rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ kì í rí bákan náà: òmíràn yóò jọ bàbá, òmíràn yóò jọ ìyá, òmíràn kò sì ní jọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹni tó bá ń gbìn ín gbọ́dọ̀ máa padà lọ ra irúgbìn tuntun ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ gbìn.

Èkejì ni èyí tí irúgbìn rẹ̀ ń bí irú ara rẹ̀. Bí a bá gbin kóró rẹ̀, irú èso tí a ká lọ́dún tó kọjá ni a ó tún ká lọ́dún yìí. Nígbà tí irú irúgbìn bẹ́ẹ̀ bá ti pẹ́ lọ́wọ́ ìdílé tàbí àdúgbò kan, tí òbí ń fà á lé ọmọ lọ́wọ́, òun ni à ń pè ní irúgbìn àjogúnbá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kó irú irúgbìn yìí jọ máa ń lo àádọ́ta ọdún gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu wọn kò kò lórí iye ọdún náà.

Àṣà yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn ìyá wa ṣe ń so àgbàdo rọ̀ sókè ààrò, kí èéfín lè máa lé kòkòrò kúrò lára rẹ̀ títí òjò yóò fi tún rọ̀, ti mọ ohun tí irúgbìn àjogúnbá túmọ̀ sí.

Ohun tó ń fún tòmátì ní àwọ̀ dúdú

Èdè wa lè ṣi ènìyàn lọ́nà díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. "Pọ́n" ni Yorùbá ń sọ nípa èso tó ti tó jẹ. "Pọ́n" náà ni a sì ń sọ nípa ohun tó pupa. Lára tòmátì ọjà, ìtumọ̀ méjèèjì bá ara wọn mu, nítorí pé ìgbà tó bá pupa ló tó jẹ. Lára tòmátì aláwọ̀ dúdú, ọ̀nà wọn pínyà. Ó lè tó jẹ kó má sì pupa rárá. Ẹni tó bá ń dúró kó pupa kó tó ká a yóò dúró títí yóò fi jẹrà lórí igi.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí tòmátì pupa bá ń pọ́n, kulorofíìlì, ìyẹn èròjà tó ń fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀, máa ń parẹ́ kúrò nínú èso. Èròjà pupa tí à ń pè ní láíkópìnì yóò sì gba ipò rẹ̀. Nínú tòmátì dúdú, láíkópìnì ń wọlé bó ti yẹ, ṣùgbọ́n kulorofíìlì kì í jáde tán. Àwọ̀ ewé pàdé àwọ̀ pupa, àwọn méjèèjì sì di àwọ̀ ṣokoléètì tàbí àwọ̀ àlùkò. Orúkọ náà kò yẹ kó ya Yorùbá lẹ́nu, nítorí pé àwa náà máa ń sọ pé ewé tó jí dáadáa dúdú.

Oríṣi dúdú mìíràn wà tí kò yẹ kí a dà pọ̀ mọ́ èyí. Ní ọdún 2012, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà gbé tòmátì kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Indigo Rose. Ibi tí oòrùn bá ti kàn lára èso rẹ̀ máa ń dúdú bí kóró iṣin, ṣùgbọ́n pupa ni inú rẹ̀. Antosáyánínì ló fà á, irú èròjà tó ń fún omi ìṣápá tí a fi ń ṣe sóbò ní àwọ̀ rẹ̀. Tòmátì dáradára ni, àmọ́ kì í ṣe àjogúnbá. Àwọn onímọ̀ ló dá a nípa mímú tòmátì oko àti ìbátan rẹ̀ tó wà nínú igbó pọ̀.

Ó tún yẹ kí a sọ ọ́ gbangba pé àwọ̀ dúdú kì í ṣe oògùn. Tòmátì ni tòmátì. Oúnjẹ tó ń ṣara lóore ni, yálà ó pupa tàbí ó dúdú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra irúgbìn lówó gọbọi nítorí pé oníṣòwò kan sọ pé yóò wo àrùn sàn.

Mẹ́rin tó lórúkọ nínú wọn

Cherokee Purple ni ó gbajúmọ̀ jù. Ní ọdún 1990, Craig LeHoullier, onímọ̀ kẹ́mísìrì kan ní Amẹ́ríkà tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọgbà, gba irúgbìn kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti Ìpínlẹ̀ Tennessee. Lẹ́tà tó bá irúgbìn náà wá sọ pé ọwọ́ àwọn Cherokee, tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ ní Amẹ́ríkà kí àwọn òyìnbó tó dé, ni irúgbìn náà ti wá ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú. Irúgbìn náà kò ní orúkọ. LeHoullier ló sọ ọ́ lórúkọ. Èso rẹ̀ tóbi, ó rọ̀, ó sì ládùn.

Black Krim gba orúkọ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Krimea, ilẹ̀ tó yọrí sínú Òkun Dúdú. Ará Sweden kan ló jẹ́ kí àwọn olùtọ́jú irúgbìn ní Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n ní nǹkan bí ọdún 1990. Adùn rẹ̀ ní iyọ̀ díẹ̀ nínú, èjìká èso rẹ̀ sì máa ń wà ní àwọ̀ ewé kódà nígbà tó bá tó jẹ. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń sán bí omi bá dé bá a lójijì.

Paul Robeson jẹ́ tòmátì láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí wọ́n fi sọrí olórin àti òṣèré adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà tó gbé ayé láti 1898 sí 1976. Ẹrú ni wọ́n bí bàbá Robeson sí kó tó sá lọ síbi òmìnira. Robeson fúnra rẹ̀ kọ́ èdè ilẹ̀ Áfíríkà ní Lọ́ńdọ̀nù láàrin ọdún 1930 sí 1939. Ìjọba Amẹ́ríkà gba ìwé ìrìnnà rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láti 1950 sí 1958 nítorí èrò òṣèlú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará Rọ́ṣíà fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ọwọ́ obìnrin oníṣòwò irúgbìn kan ní Moscow, Marina Danilenko, ni irúgbìn náà gbà dé Amẹ́ríkà. Orúkọ ọkùnrin náà tipa bẹ́ẹ̀ padà sílé nínú kóró tòmátì.

Black Cherry kéré, kò sì ju àgbálùmọ̀ kékeré lọ. Kò tíì pẹ́ tó ohun tí à ń pè ní àjogúnbá, nítorí pé ní Florida ni wọ́n ti dá a ní àìpẹ́. Ṣùgbọ́n irúgbìn rẹ̀ ń bí irú ara rẹ̀, a sì lè tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti àwọn yòókù.

Èwo ni kí a yàn?

Kí a tó yàn, ó dára kí a mọ ìdí tí irú tòmátì yìí kò fi wọ́pọ̀ lọ́jà. Ìrìn-àjò ló ń yan tòmátì ọjà. Èyí tí yóò ti òkè Ọya dé Bódìjà tàbí Máìlì 12 nínú agbọ̀n gbọ́dọ̀ ní awọ tó yi, kí ara rẹ̀ sì le. Awọ tòmátì dúdú fẹ́lẹ́, ara rẹ̀ kún fún omi. Bí a bá kó o sínú agbọ̀n fún ọjọ́ méjì, omi ọbẹ̀ ni a ó bá níbẹ̀. Inú ọgbà ilé ni ààyè rẹ̀ wà, níbi tí ìrìn-àjò rẹ̀ kò ti ju láti ẹ̀yìnkùlé dé ilé ìdáná lọ.

Ohun kejì ni ooru. Òdòdó tòmátì kò fẹ́ ooru àpọ̀jù. Bí ooru ọ̀sán bá ju 32°C lọ, tí ti òru kò sì wálẹ̀ sí nǹkan bí 21°C, lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó kì í ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Òdòdó yóò gbẹ, yóò sì rẹ̀ dànù. Igi lè ga, kó ní ewé rẹpẹtẹ, kó má sì so. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ pé irúgbìn tí wọ́n rà kò dára, nígbà tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n gbìn ín ni kò dára.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ rèé. Ẹ fi èyí tí èso rẹ̀ kéré bí Black Cherry bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn eléso kékeré máa ń so nínú ooru ju àwọn eléso ńlá lọ. Ẹ fi igi méjì tàbí mẹ́ta ti Cherokee Purple tàbí Black Krim dán an wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe fi gbogbo ilẹ̀ yín gbìn ín lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ gbin tòmátì tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú, kí ọbẹ̀ ilé má baà dúró de ìdánwò.

Ẹ tún rántí pé àwọn àjogúnbá yìí kì í sábà ní ààbò tí wọ́n fi sára àwọn ẹ̀yà mìíràn. Lẹ́tà V àti F tí ẹ ń rí lára orúkọ Roma VF, fún àpẹẹrẹ, ń sọ fún olùrà pé ẹ̀yà náà lè dojú kọ àrùn olú méjì tó ń gba inú ilẹ̀ wọ gbòǹgbò. Kò sí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lára Cherokee Purple. Ìtọ́jú olóko ni ààbò rẹ̀.

Bí irúgbìn ṣe yẹ kó wọlé láti òkè òkun

Apá yìí ni a fẹ́ kí gbogbo òbí tó ní ọmọ nílẹ̀ òkèèrè kà dáadáa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé kóró tòmátì díẹ̀ nínú àpòòwé kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àrùn kan wà tí orúkọ rẹ̀ ní gígékúrú ń jẹ́ ToBRFV, tó ń mú kí èso tòmátì hunjọ kó sì ní àbàwọ́n. Wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Ísírẹ́lì àti Jọ́dánì ní ọdún 2014 àti 2015, ó sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láti ìgbà náà. Irúgbìn jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó ń gbé e kiri. Ọwọ́ àti irinṣẹ́ olóko náà sì ń tàn án láti igi dé igi.

Àwa náà ti rí ohun tí àlejò kan lè ṣe. Ní ọdún 2016, kòkòrò Tuta absoluta, tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, ba oko tòmátì jẹ́ ní òkè Ọya débi pé ìjọba Ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde ipò pàjáwìrì lórí tòmátì. Gbogbo ẹni tó lọ sọ́jà lọ́dún náà ló mọ ohun tó ná wọn.

Nítorí ìdí èyí, òfin béèrè pé kí ẹni tó bá fẹ́ mú irúgbìn wọ Nàìjíríà kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ NAQS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn àti ẹran tó ń wọlé wò. Irúgbìn náà sì gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ìlera láti orílẹ̀-èdè tó ti ń bọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi kóró pamọ́ sáàrin aṣọ nínú àpótí. Ẹ̀bùn ni lójú ẹni tó mú un wá, ṣùgbọ́n ó lè di gbèsè lọ́rùn gbogbo àdúgbò. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí a ra irúgbìn lọ́wọ́ oníṣòwò tó forúkọ sílẹ̀ nílé níbí, tí orúkọ ẹ̀yà àti ọjọ́ tí irúgbìn yóò bàjẹ́ hàn lára páálí rẹ̀.

Ìgbà gbígbìn

Ìgbà ọyẹ́ ni òru máa ń tutù jù nílẹ̀ Yorùbá. Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí òdòdó tòmátì bọ́ sí àkókò náà. Bí a bá ka ọjọ́ padà sẹ́yìn, ètò náà yóò rí báyìí:

Ní ìparí oṣù Owéwe, ìyẹn oṣù kẹsàn-án, ẹ gbin kóró sínú abọ́ tàbí ike tí ẹ ti lu ihò sí nídìí. Ẹ gbé e sábẹ́ ìbòji níbi tí òjò kò ti ní máa rọ̀ lù ú tààrà. Kóró kò gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin ìka lọ. Yóò hù láàrin ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá.

Ní ìparí Ọ̀wàrà tàbí ìbẹ̀rẹ̀ Bélú, nígbà tí ọmọ irúgbìn bá ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún, ẹ ṣí i lọ sí ojú ibi tí yóò dàgbà sí. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣe é. Kí ó tó di ọjọ́ náà, ẹ kọ́kọ́ fi í han oòrùn díẹ̀díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan.

Láàrin Ọ̀pẹ àti Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, òdòdó yóò máa là, èso yóò sì máa yọ. Láti ìparí Ṣẹ́rẹ́ lọ ni a ó máa kórè. Àwọn eléso ńlá máa ń gba bí ọjọ́ 75 sí 90 lẹ́yìn tí a bá ṣí wọn. Black Cherry kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni gbogbo àkókò yìí. Ẹni tí kò bá ní omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ nítòsí kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ilẹ̀, ọ̀pá àti omi

Ẹ yan ibi tí oòrùn yóò ti máa ràn fún ó kéré tán wákàtí mẹ́fà lójúmọ́. Ẹ po ilẹ̀dú tàbí ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà tán mọ́ ilẹ̀ náà. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù yóò jó gbòǹgbò, ẹ má ṣe lò ó. Ẹ kọ ebè tó ga díẹ̀ kí omi má baà dúró sí ìdí igi. Ẹ fi bí 60 sẹ̀ǹtímítà sáàrin igi kan sí èkejì, kí ẹ sì fi bí 90 sáàrin ebè kan sí òmíràn.

Ẹni tí kò bá ní ilẹ̀ lè lo ike ọ̀dà onílítà 20 tí a ti fọ̀ mọ́ dáadáa, tí a sì ti lu ihò sí nídìí. Igi kan ṣoṣo ni kó wà nínú ike kan.

Ẹ gbin ọmọ irúgbìn náà kó wọlẹ̀ dé abẹ́ ewé rẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí pé ara igi tòmátì tó bá wọlẹ̀ máa ń ta gbòǹgbò. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a dárúkọ wọ̀nyí kì í ṣíwọ́ gíga. Wọ́n lè ga ju ènìyàn lọ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí i gan-an ni kí ẹ ti ri ọ̀pá tó ga tó mítà méjì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa fi okùn rírọ̀ so igi mọ́ ọn bó ṣe ń dàgbà. Ẹ máa já àwọn ọmọ ẹ̀ka tó bá ń yọ láàrin apá ewé àti ara igi, kí ẹ sì ré àwọn ewé tó bá ń kan ilẹ̀.

Omi déédéé ni àṣírí èso tó dán. Bí a bá jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, tí a wá da omi púpọ̀ sí i lọ́jọ́ kẹrin, èso yóò sán, ìdí rẹ̀ sì lè dúdú kó jẹrà. Ìdí èso tó jẹrà báyìí kì í ṣe àrùn tó ń ranni. Àìtó èròjà kálísíọ́mù nínú èso ló fà á, àìṣedéédéé omi ló sì sábà máa ń bí i. Ẹ bomi sí ìdí igi ní òwúrọ̀, ẹ má ṣe bomi lé ewé lórí. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀ kí ọ̀rinrin lè pẹ́ níbẹ̀.

Àrùn àti kòkòrò

Àrùn tó burú jù ni èyí tó ń mú kí igi rọ lójijì nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù. Bí ẹ bá rí i, ẹ gé ara igi náà, kí ẹ sì gbé ojú ibi tí ẹ gé sínú omi tó mọ́ nínú ife. Bí ohun funfun bí okùn wàrà bá ń ṣàn jáde láti ojú rẹ̀, kòkòrò àrùn inú ilẹ̀ ló mú un. Kò ní oògùn. Ẹ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ẹ sun ún, kí ẹ má sì ṣe gbin tòmátì, ata, ìgbá tàbí ọ̀dùnkún aláwọ̀ funfun síbẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Àgbàdo ni kí ẹ gbìn síbẹ̀. Níbi tí àrùn yìí bá ti wọ́pọ̀, ike tí a kó ilẹ̀ mímọ́ sí dára ju ilẹ̀ lásán lọ.

Fún àwọn kòkòrò tó ń fa omi ara ewé tàbí tó ń lu ewé, ẹ lè lo dóńgóyárò. Ẹ gún kóró rẹ̀ tó ti gbẹ, ẹ fi 50 gíráàmù sínú lítà omi kan, kó sùn mọ́jú. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ sì wọ́n ọn sí abẹ́ ewé ní ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá rí ewé tí kòkòrò ti gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni fa ìlà funfun sí i, ẹ já a, ẹ sì sun ún lọ́jọ́ náà gan-an.

Kíkórè àti jíjẹ

Ẹ má ṣe wo èjìká èso. Ìdí rẹ̀ ni kí ẹ wò. Nígbà tí ìdí bá ti di àwọ̀ wáìnì tàbí ṣokoléètì, tí èso sì dẹ̀ díẹ̀ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án jẹ́jẹ́, ó ti tó. Àwọ̀ ewé tó kù ní èjìká rẹ̀ kò ní ṣe ẹnu ní nǹkan. Ẹ ká a tìrùtìrù, kí ẹ sì tètè lò ó, nítorí pé kì í pẹ́ nílẹ̀.

Òótọ́ kan wà tó yẹ kí a sọ fún alásè. Bí a bá fi tòmátì yìí nìkan se ọbẹ̀ ata, àwọ̀ ọbẹ̀ náà yóò ṣú díẹ̀, àlejò sì lè rò pé ó jóná. Ẹ pò ó mọ́ tàtàṣé bí ẹ bá fẹ́ àwọ̀ pupa. Adùn rẹ̀ hàn jù nígbà tí a bá gé e tútù pẹ̀lú iyọ̀ àti àlùbọ́sà, tàbí tí a bá dà á sórí ẹyin díndín.

Fífi irúgbìn pamọ́

Iṣẹ́ yìí ló ń sọ tòmátì di àjogúnbá. Òdòdó tòmátì ní akọ àti abo nínú ara rẹ̀, ó sì sábà máa ń dá ara rẹ̀ lóyún. Síbẹ̀, oyin lè gbé lẹ́búlẹ́bú láti ara ẹ̀yà kan dé òmíràn. Kí òdòdó tí ẹ fẹ́ mú irúgbìn lára rẹ̀ tó là, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dè é lórí. Nígbà tí èso bá ti yọ, ẹ tú aṣọ náà, kí ẹ sì so òwú mọ́ ọrùn èso náà láti fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ yan igi kí ẹ tó yan èso. Igi tí ara rẹ̀ le, tó so dáadáa nínú ooru wa, ni kí ẹ mú irúgbìn lára rẹ̀. Ẹ má ṣe mú un lára igi aláìsàn nítorí pé ó so èso ńlá kan. Ẹ jẹ́ kí èso náà gbó kọjá jíjẹ díẹ̀. Ẹ fún kóró àti omi rẹ̀ sínú ife, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta títí yóò fi kan, kí ohun yíyọ̀ tó bo kóró lè tú. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa; èyí tó bá léfòó, ẹ dà á nù. Ẹ sá èyí tó rì sórí àwo níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kì í ṣe sínú oòrùn líle. Nígbà tó bá gbẹ tán, ẹ kó o sínú ìgò tó ní ìdérí, kí ẹ kọ orúkọ ẹ̀yà àti ọdún sí i lára, kí ẹ sì gbé e síbi tó tutù tí kò ní ọ̀rinrin. Bó bá rí ìtọ́jú tó yẹ, ó lè hù lẹ́yìn ọdún mẹ́rin.

Ẹni tó bá ṣe èyí lọ́dọọdún, tó sì ń mú irúgbìn lára igi tó fara da ooru jù, lè máa rí i díẹ̀díẹ̀ pé irúgbìn rẹ̀ ń bá ilẹ̀ rẹ̀ mu sí i.

Tòmátì tiwa ńkọ́?

Bí a ti ń yẹ irúgbìn àwọn Cherokee àti ti Krimea wò yìí, ó yẹ kí a béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí tiwa. Àwọn tòmátì ìbílẹ̀ wà nílẹ̀ Yorùbá, pẹlẹbẹ, onílà lára, tó kan lẹ́nu, tó sì kún fún omi. Àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn mọ àwọn ẹ̀yà bí Ibadan Local àti Ife No. 1, tí wọ́n sì ti fi wọ́n ṣe ìwádìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Roma VF. Wọ́n ti mọ òjò wa àti ooru wa kí àlejò tó dé. Nítorí pé wọn kò lè ta yọ nínú agbọ̀n ọjà, inú ọgbà àwọn àgbà nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kù sí.

Ní ọdún 1975, wọ́n dá ẹgbẹ́ Seed Savers Exchange sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà kí irúgbìn ìdílé má baà parun. Ní ọdún 1975 kan náà ni ìjọba àpapọ̀ dá NIHORT, ilé-iṣẹ́ ìwádìí lórí èso àti ẹ̀fọ́, sílẹ̀ ní Ìdí-Ìṣin ní Ìbàdàn. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Ọwọ́ ìdílé ni irúgbìn Cherokee Purple wà kó tó dé ọwọ́ onímọ̀.

Nítorí náà, a rọ gbogbo ará ìlú pé bí ẹ bá ń gbin tòmátì dúdú lọ́dún yìí, kí ẹ ya ebè kan sọ́tọ̀ fún tòmátì ìyá yín àgbà. Ẹ bi àwọn àgbà tó ṣì wà ní abúlé léèrè bóyá wọ́n ní kóró rẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ tí wọ́n ń pè é sílẹ̀ àti ibi tó ti wá, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ bí a ti ṣàlàyé lókè yìí. Ẹni tó bá fẹ́ àlàyé sí i lè kàn sí àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn ọ̀gbìn ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Ìgò kan, kóró díẹ̀ àti orúkọ tí a kọ sí i lára ti tó láti bẹ̀rẹ̀.